Ìyàwó Mi Alákàrà Ni Ó Kọ́ Mi Ní Ìwé Títà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíràn, pàápàá jù lọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ òwò wá kan èmi fúnra mi, mo rí i pé pípa ni mo mọ òwe náà pa, n kò tíì lò ó rí. Ẹni tí ó là mí lójú kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì ka ìwé kankan lórí òwò ṣíṣe rí. Ìyàwó mi ni. Àkàrà ni ó ń dín ní oríta àdúgbò wa ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí a bá ti kírun àsùbáà tán títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Ní ọdún 2016, mo parí ìwé ìtàn àròsọ kékeré kan, ojú ìwé 96 péré. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ṣírò rẹ̀ fún mi pé bí mo bá tẹ 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ 1,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí 150 náírà. Òótọ́ ni ó sọ. Owó tí wọ́n fi ń ṣe pléètì tí a fi ń tẹ ìwé kò yàtọ̀, ì báà ṣe ìwé díẹ̀ ni ẹ tẹ̀, ì báà ṣe ẹgbẹ̀rún, bí ìwé bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni owó náà ń pín sórí wọn. Ohun tí kò sọ fún mi, tí èmi náà kò bèèrè, ni ẹni tí yóò ra ẹgbẹ̀rún ìwé náà.

Gbogbo owó náà jẹ́ 150,000 náírà. Mo ní 30,000 lọ́wọ́. 120,000 tí ó kù, owó àjọ ìyàwó mi ni. Ọdún kan ààbọ̀ ni ó fi dá àjọ náà nítorí pé ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta tirẹ̀. Ìdájí gbogbo ni ó ń ru ẹ̀wà tí ó ti bó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, tí yóò dúró de àwọn tí wọ́n ṣáájú rẹ̀, tí yóò sì sanwó. Ọjọ́ tí oorun bá gbé ẹlẹ́rọ lọ, òwò ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ṣèlérí fún un pé kí Iléyá ọdún 2017 tó dé, owó rẹ̀ yóò ti pé sí i lọ́wọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ràṣídì, ṣé ẹ ti rí àwọn tí yóò rà á?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwé tí ó bá dára, fúnra rẹ̀ ni í ta ara rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Àkàrà tèmi náà dára, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí ó rìn jáde nínú agbada lọ bá oníbàárà nílé."

Oṣù kẹwàá ọdún náà ni a ṣe ìkójáde ìwé. A gba gbọ̀ngàn, a háyà àga, a se ìrẹsì. Alága ọjọ́ náà dìde, ó ní òun fi 50,000 náírà gbé ìwé náà jáde. Gbogbo ilé hó yèè. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e ní, "Fún èmi, àwọn ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi, 20,000." Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n fún ayọ̀. Nígbà tí a túká, ìlérí tí ó wà nínú ìwé jẹ́ 183,000 náírà. Owó tí a rí kà jẹ́ 24,400, ìyẹn owó ìwé 61 ní 400 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ìrẹsì nìkan sì jẹ́ 38,000.

Mo lọ sí ilé alága lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ó ti lọ sí Èkó. Nígbà kejì, wọ́n ní ó ń sùn. Nígbà kẹta, ọmọ rẹ̀ kékeré ni ó yọjú sí mi, ó ní, "Bàbá mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, mo yí padà. Ọmọ náà kò mọ irọ́ í pa. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n láéláé.

Mo kó ìwé lọ sí àwọn ilé ìtàwé. Wọ́n ní kí n fi mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀, pé bí ó bá tà, kí n wá gbowó. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ni mo ti bá ìwé mi, ó dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ó ń ronú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? "Òǹkọ̀wé, tèmi dà?" ni wọ́n fi ń kí mi. Mo ti fún wọn ní 40 kí ojú mi tó là. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi bi mí pé, "Nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín wọ̀nyí, èwo ni ó ti gba àkàrà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ mi rí?" N kò rí ẹnì kan dárúkọ. Wọ́n ń sanwó àkàrà nítorí pé ẹni tí ó dín in gbà pé ọjà ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe ìwé tèmi bí ohun tí a fi ń tọrọ ìyìn, wọ́n sì fún mi ní ìyìn náà dáadáa, ó kù owó.

Báyìí ni ìwé tí ó lé ní 800 ṣe wọ abẹ́ ibùsùn wa. Nígbà tí òjò ọdún 2017 bẹ̀rẹ̀, omi gba ojú páànù kan tí ó ti jò wọlé lóru. Ilẹ̀ mọ́, mo ka 137 tí omi ti bà jẹ́. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ kan sọ pé òun yóò gba 60 fún àwọn ọmọ kíláàsì òun. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi dámọ̀ràn. Ó ní kí n sá àwọn tí kò bàjẹ́ púpọ̀ sóòrùn, kí n fi nǹkan wúwo tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè nà, kí n wá fi bí 20 nínú wọn há àárín àwọn tí ó dára. Àwọn ọmọdé ni yóò gbà á, ta ni yóò wá sọ̀rọ̀?

Mo ti ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó mi wọlé. Ó ní, "Ẹ dákun, kí ni ẹ ń ṣe yìí?" Mo ṣàlàyé. Ó sọ igbá ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bí mo bá fi àkàrà àná há abẹ́ tòní, ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ kò ní bá mi jà o. Kò kàn ní wá lọ́la ni. Èmi yóò sì jókòó, n óò máa rò pé ọjà kò yá."

Lẹ́yìn èyí, ó rán mi létí ìtàn tí àwọn àlùfáà wa máa ń sọ nínú wáàsí, nípa Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí ó ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà tí ọwọ́ rẹ̀ sì bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ni ọjà ní òjò ni ó pa á. Ànọ́bì sì bi í léèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí èyí tí ó rin wà lókè, kí àwọn ènìyàn lè rí i. Mo ti gbọ́ ìtàn náà kò níye. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí. Mo ka 60 tí ó dára fún olùkọ́ náà. 137 tí ó bàjẹ́, mo ní kí ìyàwó mi máa fi dáná.

Kò fi dáná. Ó ya àwọn ojú ewé tí ó ṣì mọ́ nínú wọn, ó sá wọn gbẹ, ó sì fi ń di àkàrà. Ewé gidi ni ó ń kọ́kọ́ fi wé àkàrà náà kí ó tó fi ìwé dì í lókè, nítorí pé yíǹkì kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó bá epo wọnú ènìyàn. Bí mo bá ní kò dùn mí, irọ́ ni mo pa. Iṣẹ́ ọdún méjì tí mo fi ń kọ̀wé lóru, òun ni àwọn ènìyàn ń fi nu ọwọ́ ní oríta.

Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́kadà kan dúró níwájú agbada. Ó ní, "Ìyá Ràṣídì, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó wà nínú àpótí yẹn?" Ìyàwó mi rò pé nǹkan rẹ̀ ni ó sọnù. Ọkùnrin náà bá fa ojú ewé kan yọ nínú àpò rẹ̀, epo ti mu ún yó. Ojú ìwé 23 àti 24 ni. Níbẹ̀, ìyàwó tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ku òun nìkan nílé ọkọ. Ó rí àpótí kan lábẹ́ ibùsùn, wọ́n tì í pa. Ó wá kọ́kọ́rọ́ títí ó fi rí i nínú àpò agbádá ọkọ rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú àpótí, ó yí i, ojú ewé sì parí. Ọlọ́kadà ní òun kò sùn dáadáa.

Ìyàwó mi kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí epo. Ó ní, "Èyí tí ó kù wà nílé. 400 náírà ni."

Ó rà á. Ó gbé e lọ sí ibùdókọ̀ wọn. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de èrò ni ẹni tí ó mọ̀wé kà jù nínú wọn ti ń ka ìtàn náà sókè fún àwọn yòókù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwé 17 ti lọ sí ibùdókọ̀ yẹn nìkan. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti gba ìwé títà lọ́wọ́ mi. Kò fi ojú ewé mìíràn di àkàrà mọ́ bí kò ṣe èyí tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn tán nínú àwọn ìwé tí ó bàjẹ́, ó rán mi lọ ṣe àdàkọ ojú ewé náà, ó ní kí n ṣe 200.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ẹ jẹ́ kí oníbàárà tọ́ ọ wò. Oníṣu a máa gé díẹ̀ kí ẹ rí inú rẹ̀, ẹlẹ́ran a máa ṣí ẹran hàn. Òǹkọ̀wé nìkan ni ó ń bo tirẹ̀ pa tí ó ní kí a sanwó ná. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣáájú wa mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1929 wọ 1930 ni I. B. Thomas, tí ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà ti jayé àìtọ́ nígbà èwe, àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ó ń ronú pìwà dà, ó sì ń ro ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn òǹkàwé ń dúró de lẹ́tà tí ó kàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ní 1930 náà ni ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé. Ẹ rí i pé kí ìwé tó jáde ni àwọn tí yóò rà á ti wà ní ìkàlẹ̀. Àwọn òṣèré Hubert Ògúnǹdé àti àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó tí ó tẹ̀ lé wọn náà kì í jókòó sí gbọ̀ngàn kí wọ́n máa retí èrò. Wọn a gbé ọkọ̀ yí ìlú ká pẹ̀lú ìlù àti gbohùngbohùn, wọn a fi díẹ̀ dá ìlú lára yá, ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìyókù yóò wá sanwó ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé ìyàwó mi kì í ta àkàrà láìbéèrè nǹkan. "Ìyá àgbà ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti fúyẹ́? Ọmọ tí ó ṣe ìdánwò ńkọ́, ṣé èsì ti jáde?" Mo ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé ó ń jẹ́ kí àkàrà jóná. Ní ìparí ọdún 2017, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àsáláátù rẹ̀ wá sílé wa. Ó fẹ́ ṣe yìgì ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì ń wá ohun tí yóò fi ṣe ẹ̀bùn fún àwọn àlejò. Ó ní, "Ike tí mo ti gbà bọ̀ láti òde ìnáwó ti pọ̀ ju omi tí mo ní láti pọn lọ. Ìwé ni mo fẹ́ pín." Ó gba 120 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sanwó lójú ẹsẹ̀.

Inú mi dùn, mo bi í léèrè ibi tí ó dùn mọ́ ọn jù nínú ìtàn náà. Ó ní, "Ẹ má bínú, n kò tíì kà á." Ó wá sọ ìdí rẹ̀. Ní 2015, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún wọn láràárọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò sì gba kọ́bọ̀. Ní ọdún náà, ìyàwó mi kò ní ìwé tí ó fẹ́ tà. Èmi gan-an kò tíì kọ ìwé náà tán.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ẹni tí a kò kí nígbà tí a kò ní ohunkóhun láti tà fún un, bí a bá wá ń kí i tẹ̀ríntẹ̀yẹ lọ́jọ́ tí a gbé ọjà dé, ó mọ̀. Yóò dáhùn, yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé àpò. Mo rántí alága ìkójáde ìwé mi. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, n kò tíì wọ ilé rẹ̀ rí. Owó rẹ̀ ni mo lọ kí, òun kọ́.

Kí ẹ má baà rò pé mo ti gbọ́n tán, ẹ gbọ́ ti ọdún 2019. Mo ti ní fóònù tí ó ní WhatsApp, mo sì ti wọ gúrúùpù 14. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ìpolówó ìwé mi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, n kò wo ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Nínú gúrúùpù àwa ọmọ ilé-ìwé kan náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ikú ìyá ọ̀kan nínú wa. Àwọn ènìyàn ń tọrọ àforíjìn fún òkú, wọ́n ń bá ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn, ni tèmi bá bọ́ sí àárín wọn gbàgà: "Ayọ̀ ńlá dé! Má jẹ́ kí ó tán kí o tó rà á!"

Kí n tó mọ̀ ọ́n, ogún ènìyàn ti rí i. Mo sáré wọ aṣọ, mo lọ sí ilé ọlọ́fọ̀ láti tọrọ àforíjìn. Ọkùnrin náà wò mí, omi ṣì wà lójú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun ìbá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú bí ó bá wà láàyè. Nígbà tí mo dé ilé, ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Alákàrà tí ó bá dé ilé ọ̀fọ̀ a sọ igbá kalẹ̀, a kí wọn, a sì kọjá láìpolówó. Ṣé fóònù kò ní ojú ni?" Títí di òní, Ayọ̀ Ńlá Dé ni orúkọ tí wọ́n ń pè mí nínú gúrúùpù náà. Mo gbà á, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ìwé mi tuntun. Ẹni tí ó bá lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn ènìyàn kì í sá fún un bí ó bá gbé ọjà dé.

Báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń fi nǹkan síta. Ààbọ̀ ojú ìwé ni, mo sì ń gé e níbi tí ó bá ti dùn. Mo ń kọ iye owó rẹ̀ síbẹ̀ gbangba, kí ẹnikẹ́ni má baà tijú láti béèrè. Kí n tó fi sí gúrúùpù, mo ń ka ohun tí wọ́n ń sọ ná. Ẹni tí ó bá sì rà, mo ń dárúkọ rẹ̀ dúpẹ́.

Owó àjọ ńkọ́? Nígbà tí Iléyá 2017 dé, n kò rí i san pé. 70,000 ni mo kó fún un. Ó gbà á, kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó fi èédú kọ èyí tí ó kù sára ògiri ilé ìdáná: 50,000. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ bu ọbẹ̀ ni mo ń rí i, ẹran a sì máa korò lẹ́nu mi. Owó ìwé yìgì ni mo fi san án. Ó pọn omi, ó fọ ògiri náà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọjà, owó ẹ̀rọ ìlọta ti fi 35,000 náírà lé ju ti ọdún 2016 lọ. Ìdádúró mi ni ó fà á, nítorí náà èmi ni mo san án, láti inú èrè ìwé. Ìdájí gbogbo ni ẹ̀rọ náà ń dún lẹ́yìn fèrèsé mi báyìí. Kì í jẹ́ kí n sùn, n kò sì ní ẹnu tí mo lè fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, tí ẹ ń po ọṣẹ, tí ẹ ń ta ẹ̀kọ, ohun tí mo rí ni mo rò fún yín. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú àpótí náà. Mo bi ìyàwó mi léèrè bóyá kí n sọ ọ́ síbí. Ó ní kí n kí yín dáadáa, kí n béèrè àlàáfíà ilé àti ti àwọn ọmọ, kí n sì sọ fún yín pé ìwé ṣì kù nílé.